Àwọn Fáwẹ̀lì Inú Àpótí: Lámèyítọ́ Ọ̀nà tí Wọ́n Gbà Díyelé Àwọn Ìwé Àfọwọ́kọ Hébérù ti Gẹnísà Káírò

Àṣamọ̀

Iṣẹ́ yìí ṣe lámèyítọ́ ojú tí àwọn onímọ̀ fi wo àwọn ìwé àfọwọ́kọ Hébérù tí wọ́n kó jáde láti inú Gẹnísà ìlú Káírò, èyí tí púpọ̀ nínú wọn wà ní ilé-ìkàwé Yunifásítì Cambridge àti ní ilé-ìkàwé Jewish Theological Seminary ní New York. Àríyànjiyàn rẹ̀ ni pé bí wọ́n ṣe ń pe àjákù tí àmì fáwẹ̀lì rẹ̀ yàtọ̀ sí ti àwọn gbajúmọ̀ ìwé ní "kò-bá-ìlànà-mu" ti sọ ẹ̀rí nípa èdè ẹnu di àṣìṣe akọ̀wé. Àwọn àpẹẹrẹ wá láti inú ètò àmì fáwẹ̀lì mẹ́ta tí àwọn Júù ayé àtijọ́ lò, àti láti inú èdè Lárúbáwá tí wọ́n fi lẹ́tà Hébérù kọ.

1.0 Ìfáàrà

Nínú ẹ̀sìn Júù, ìwé tí orúkọ Ọlọ́run bá wà nínú rẹ̀ kì í ṣe ohun tí wọ́n ń sun níná tàbí tí wọ́n ń jù sí ààtàn. Bí ó bá gbó, tàbí bí akọ̀wé bá ṣì í kọ, wọ́n a fi í pamọ́ títí di ọjọ́ tí wọn yóò sin ín bí ẹni ń sin òkú. Ibi ìpamọ́ bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń pè ní gẹnísà. Ní sínágọ́gù Ben Ezra tó wà ní Fustat, ìlú àtijọ́ tó ti di apá kan Káírò ní ilẹ̀ Íjíbítì, púpọ̀ nínú àwọn ìwé náà kò dé inú ilẹ̀ rárá. Inú yàrá kan ni wọ́n ń dà wọ́n sí gba ojú ihò kan lókè ògiri, láti ọ̀rúndún kọkànlá títí di ọ̀rúndún kọkàndínlógún. Kì í ṣe Bíbélì àti ìwé àdúrà nìkan ni wọ́n dà síbẹ̀. Ìwé àdéhùn ìgbéyàwó, ìwé ìkọ̀sílẹ̀, lẹ́tà oníṣòwò sí alábàáṣe rẹ̀ tó wà ní ọ̀nà Íńdíà, àkọsílẹ̀ gbèsè, ìwé oògùn, ìwé tí ọmọdé fi ń kọ́ lẹ́tà, gbogbo rẹ̀ ló wọ ibẹ̀. Ilẹ̀ Íjíbítì, tí òjò kì í sábà rọ̀, ni kò jẹ́ kí wọ́n rà.

Ìtàn bí àwọn ìwé náà ṣe kúrò ní Fustat ti di mímọ̀, ṣókí rẹ̀ sì tó níbí. Ní oṣù Kìíní ọdún 1896, Elkan Nathan Adler, agbẹjọ́rò ará Lọ́ńdọ̀nù tó fẹ́ràn ìwé àtijọ́, wọ inú yàrá náà, ó sì kó ìwọ̀n tí ó lè gbé. Ní ọdún yẹn kan náà, àwọn ìbejì ọmọ ilẹ̀ Scotland kan tó ń gbé ní Cambridge, Agnes Lewis àti Margaret Gibson, ra àwọn àjákù kan bọ̀ láti ìrìn-àjò wọn sí Ìlà-Oòrùn. Solomon Schechter, tó ń kọ́ni ní Cambridge nígbà náà, rí i ní oṣù Karùn-ún pé ewé kan nínú wọn jẹ́ ìwé Ben Sira ní èdè Hébérù gan-an, ìwé tó jẹ́ pé odindi rẹ̀ kò sí lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni mọ́ àfi nínú ìtumọ̀. Charles Taylor, ọ̀gá St John's College, fi owó ràn án lọ́wọ́. Schechter lọ sí Káírò ní ìparí ọdún náà, ó sì kó àkójọ kan bọ̀ tí iye àjákù rẹ̀ ń lọ sí bíi 193,000. Òun àti Taylor fi ta Yunifásítì Cambridge lọ́rẹ ní 1898. Ní 1902 Schechter ṣí lọ sí New York láti di olórí Jewish Theological Seminary. Ní 1923 ilé-ìkàwé Seminary yẹn ra àkójọ Adler, tó fi jẹ́ pé àjákù tó lé ní 30,000 wà níbẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni ohun tó ti inú yàrá kan jáde ṣe di ohun tí òkun Àtìláńtíìkì pín níyà. Ó sì ṣẹlẹ̀ nígbà mìíràn pé ìdajì ewé kan wà ní Cambridge, kí ìdajì kejì wà ní New York.

2.0 Ohun tí ojú akójọ rí

Ben Sira ni Schechter ń wá, ojú yẹn náà ló sì fi wo gbogbo ohun tó kó bọ̀. Ìwé tó ti sọnù, tó lókìkí, tó sì lè yanjú àríyànjiyàn láàrin àwọn onímọ̀ Bíbélì, ni ìwé lójú rẹ̀. Ìwé tí wọ́n fi ẹ̀rọ tẹ̀ kò wù ú. Àfọwọ́kọ ló kó. Nínú àfọwọ́kọ náà, èyí tó dà bí ìwé gidi, yálà Bíbélì, Tálímúdì, ewì ìsìn tàbí lẹ́tà ẹni ńlá, ni wọ́n kọ́kọ́ tò, tí wọ́n fi sínú dígí tàbí inú ìdìpọ̀, tí wọ́n sì fún ní nọ́ńbà. Ìyókù padà sínú àpótí. Ó di àárín àwọn ọdún 1950, nígbà tí S. D. Goitein bẹ̀rẹ̀ sí í wá lẹ́tà àti ìwé àdéhùn àwọn ènìyàn lásán kiri, kí wọ́n tó ṣí ọ̀pọ̀ nínú àpótí wọ̀nyẹn padà, tí ohun tó wà nínú wọn sì di apá tí wọ́n ń pè ní New Series. Àwọn kan ṣì kù tí wọn kò tò tán títí di àwọn ọdún 1970 àti 1980. Goitein fi irú ìwé bẹ́ẹ̀ kọ A Mediterranean Society, iṣẹ́ ńlá tí ìdìpọ̀ rẹ̀ àkọ́kọ́ jáde ní 1967. Láti ìgbà yẹn ni kò ti sí òpìtàn tó lè pe lẹ́tà oníṣòwò ní pàǹtírí mọ́.

Àwọn òpìtàn ti jàǹfààní àpótí náà. Àwọn onímọ̀ ẹ̀dá-èdè ni ìjàǹfààní tiwọn kò tíì kún. Ìdí rẹ̀ ni pé nípa èdè, ìdíyelé àtijọ́ ṣì wà níbẹ̀, ó kàn yí aṣọ padà ni. Òpìtàn ti gbà pé lẹ́tà tí alágbàtà kọ pẹ̀lú ìkánjú tó láti fi ṣe ẹ̀rí nípa iye owó aró. Ṣùgbọ́n bí ewé Bíbélì kan bá jáde láti inú àpótí kan náà, tí ọwọ́ akọ̀wé rẹ̀ kò dán, tí àmì fáwẹ̀lì rẹ̀ sì yàtọ̀, ohun tí wọ́n kọ́kọ́ ń bi í ni bóyá ó bá àwọn ìwé ńlá mu.

Mẹ́ta nínú àwọn ìwé ńlá náà tó fún ìjíròrò yìí. Èyí tí wọ́n ń fi orúkọ ìlú Aleppo ní Síríà pè ni wọ́n kọ ní bíi ọdún 930. Aaron ben Asher, ọmọ ìdílé onímọ̀ Másórà tó lókìkí jù ní Tìbéríà, ló fi àmì fáwẹ̀lì àti àmì ìkọrin sí i. Apá tó pọ̀ nínú rẹ̀, pàápàá ìwé márùn-ún ti Mósè, sọnù lẹ́yìn rògbòdìyàn oṣù Kejìlá ọdún 1947 ní Aleppo. Èyí tó kù dé Jerúsálẹ́mù ní 1958. Ìkejì, tó wà ní St Petersburg, ni Samuel ben Jacob kọ parí ní Káírò ní 1008 tàbí 1009. Òun ni wọ́n fi ṣe ìpìlẹ̀ Biblia Hebraica láti orí ẹ̀dà kẹta tó jáde tán ní 1937, òun náà sì ni akẹ́kọ̀ọ́ ìsìn tó ń kọ́ Hébérù ní yunifásítì lónìí ń kà, bí ó tilẹ̀ ṣe é ṣe kí ó má mọ orúkọ akọ̀wé rẹ̀. Ìkẹta ni èyí tí wọ́n ń fi orúkọ David Sassoon pè, tí wọ́n tà ní gbàǹjo ní New York ní oṣù Karùn-ún ọdún 2023 ní mílíọ̀nù 38.1 dọ́là. Irú owó bẹ́ẹ̀ kò kàn án. Ṣùgbọ́n owó ń sọ ohun tí ayé kà sí ìwé, ìdíyelé àwọn onímọ̀ kò sì fi bẹ́ẹ̀ jìnnà sí ti àwọn onígbàǹjo bí wọ́n ti máa ń rò.

3.0 Ètò àmì mẹ́ta

Lẹ́tà Hébérù méjìlélógún ni kọ́ńsónáǹtì. Fún ọ̀pọ̀ ọ̀rúndún, kọ́ńsónáǹtì nìkan ni wọ́n fi ń kọ ọ́, pẹ̀lú lẹ́tà díẹ̀ tó ń ṣe aṣojú fáwẹ̀lì gígùn níbi kan àti níbi kejì. Òǹkàwé ló ń fi ẹnu ara rẹ̀ kún un. Lẹ́tà mẹ́ta náà, d-b-r, lè jẹ́ "ọ̀rọ̀", ó lè jẹ́ "àjàkálẹ̀ àrùn", ó sì lè jẹ́ "ó sọ̀rọ̀". Ẹni tó bá ti ka ìwé ìròyìn Yorùbá tí kò ní àmì ohùn, tó sì ní láti fi òye mọ̀ bóyá ọkọ, ọkọ́ tàbí ọkọ̀ ni òǹkọ̀wé ń sọ, kò nílò àlàyé púpọ̀ lórí èyí.

Nígbà tí ó di pé wọ́n ń bẹ̀rù kí ìpè àtọwọ́dọ́wọ́ má baà parẹ́, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fi àmì sí lẹ́tà. Kò sí ìgbìmọ̀ kan tó pàṣẹ rẹ̀ fún gbogbo Júù. Àwọn ará Bábílónì ní tiwọn, orí lẹ́tà ni wọ́n ń fi í sí. Àwọn kan ní ilẹ̀ Palẹsítínì ní tiwọn, orí lẹ́tà ni tiwọn náà wà, ṣùgbọ́n ìrísí àmì náà yàtọ̀. Àwọn ará Tìbéríà, létí òkun Gálílì, ní tiwọn, abẹ́ lẹ́tà ni púpọ̀ nínú wọn wà. Ti Tìbéríà ló borí. Ìgbà tí ọ̀rúndún kọkàndínlógún wọlé, àwọn onímọ̀ ní ilẹ̀ Yúróòpù ti gbàgbé pé àwọn méjì yòókù wà. Ìwé àwọn wòlíì kan tí Abraham Firkovich rí ní Chufut-Kale ní Kìrìméà ní 1839, tí ọjọ́ orí rẹ̀ jẹ́ 916, ló kọ́kọ́ fi ti Bábílónì hàn wọ́n. Gẹnísà ló sì wá fi ti Palẹsítínì hàn ní ọ̀pọ̀ yanturu.

Ìyàtọ̀ tó wà láàrin wọn kì í ṣe ti ìrísí àmì nìkan. Ètò Tìbéríà ya fáwẹ̀lì méje sọ́tọ̀, àwọn méje náà sì ni i, e, ẹ, a, ọ, o, u. Òǹkàwé Yorùbá yóò rí i lójú ẹsẹ̀ pé fáwẹ̀lì àìránmúpè èdè rẹ̀ gan-an nìyí, láìsí ọ̀kan lé, láìsí ọ̀kan dín. Àmì tí wọ́n ń pè ní tsere ni e, segol ni ẹ. Patah ni a, qamets ni ọ. Ètò Bábílónì kò ní ẹ. Níbi tí Tìbéríà bá ti fi segol sí, a ni ti Bábílónì sábà máa ń ní. Ètò Palẹsítínì ní àmì fún gbogbo wọn, ṣùgbọ́n àwọn tó ń lò ó a máa fi ọ̀kan rọ́pò èkejì ní ọ̀nà tí kì í ṣe ti àìbìkítà: tsere àti segol ń ṣe pàṣípààrọ̀, qamets àti patah ń ṣe pàṣípààrọ̀. Èyí kò lè rí bẹ́ẹ̀ àyàfi tí e àti ẹ bá jẹ́ ohùn kan lẹ́nu wọn, tí a àti ọ náà sì jẹ́ ohùn kan. Fáwẹ̀lì márùn-ún ni wọ́n ní.

Ọ̀rọ̀ méjì tó láti fi mú un ṣe kedere. "Ọba" ní ìpè Tìbéríà ni mẹlẹkh. Ní ti Bábílónì ó súnmọ́ malakh, bẹ́ẹ̀ sì ni àwọn Júù ilẹ̀ Yémẹ̀nì ṣe ń pè é títí di òní. Ní ti Palẹsítínì, melekh. "Ọ̀rọ̀" ní ti Tìbéríà ni dọvọr, ní ti Bábílónì dọvọr, ní ti Palẹsítínì davar. Ẹni tó bá gbọ́ Hébérù lójú pópó Tẹli Afífù lónìí yóò gbọ́ melekh àti davar. Ìpè tí ìwé ńlá kò gbé ni ó wà láàyè. Ìpè tí ìwé ńlá gbé kò sí lẹ́nu ẹnikẹ́ni gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe kọ ọ́. Ọmọ ilé-ìwé ní Ọ̀yọ́ tàbí Ìlọrin tí kò gbọ́ Hébérù rí lè pe fáwẹ̀lì Ben Asher tọ̀nà ju ọmọ ilé-ìwé Jerúsálẹ́mù lọ.

Ìbéèrè tó yẹ kó kọ́kọ́ wá sí ọkàn onímọ̀ ẹ̀dá-èdè ni báwo ni àmì ẹnìkan ṣe borí tí ìpè rẹ̀ sì kú. Àwọn ìwé ńlá kò lè dáhùn rẹ̀, nítorí wọ́n wà ní ìpẹ̀kun kan ìtàn náà: àmì Tìbéríà, ìpè Tìbéríà, láìsí àbùkù. Ìdáhùn wà nínú àjákù.

4.0 Orúkọ tí kò yẹ wọ́n

Ní Cambridge àti ní New York, ewé Bíbélì pọ̀ tó jẹ́ pé àmì Tìbéríà ni ó wà lára wọn, ṣùgbọ́n tí akọ̀wé fi segol sí ibi tí tsere yẹ kó wà, tó fi patah sí ibi tí qamets yẹ kó wà, tàbí tó fi dá kọ́ńsónáǹtì sọ́tọ̀ pẹ̀lú àmì tí Ben Asher kì í lò níbẹ̀. Orúkọ tó wọ́pọ̀ jù tí àwọn onímọ̀ ń pè wọ́n ni "Tìbéríà tí kò bá ìlànà mu". Àwọn mìíràn pè wọ́n ní Palẹsítínì-Tìbéríà, àwọn mìíràn ní Tìbéríà tó gbòòrò. Bí orúkọ ṣe pọ̀ tó fi hàn pé kò sí èyí tó tẹ́ wọn lọ́rùn. Síbẹ̀ gbogbo rẹ̀ ló fi Tìbéríà ṣe òṣùwọ̀n.

Ó yẹ kí wọ́n fi ìyìn fún ẹni tí ìyìn tọ́ sí. Paul Kahle ni ẹni àkọ́kọ́ tó mú àjákù Gẹnísà ní òkúnkúndùn gẹ́gẹ́ bí ẹ̀rí èdè. Láti Masoreten des Ostens, 1913, dé Masoreten des Westens, tí apá kejì rẹ̀ jáde ní 1930, ó kó ti Bábílónì àti ti Palẹsítínì jọ síwájú ayé, ó sì kọ̀ láti gbà pé ẹ̀yà burúkú ti Tìbéríà ni wọ́n. Títí di ìgbà náà, ó tọ̀nà. Ṣùgbọ́n ó wá lọ jù bẹ́ẹ̀ lọ: ó ní ara àwọn ará Tìbéríà ni wọ́n ti fà á yọ, pé wọ́n fi ọwọ́ ara wọn ṣe ìpè kan tí kò sí lẹ́nu ẹnikẹ́ni rí, lábẹ́ ipa àwọn onígírámà Lárúbáwá. Ìyẹn ni kò dúró. Àwọn Karaite, ẹ̀ya Júù tí kò gba Tálímúdì, kọ Bíbélì Hébérù sílẹ̀ ní lẹ́tà Lárúbáwá ní ọ̀rúndún kẹwàá àti ìkọkànlá, wọ́n sì ń fi alif, waw àti ya ṣe àmì ìgùn fáwẹ̀lì. Geoffrey Khan fi ọ̀pọ̀ ọdún ka àwọn ìwé wọ̀nyí, àti ìwé ẹ̀kọ́ ìpè tí àwọn onígírámà Karaite ní Jerúsálẹ́mù kọ. Iṣẹ́ rẹ̀ tó jáde ní ìdìpọ̀ méjì ní 2020 fi hàn pé ìpè Tìbéríà jẹ́ ìpè tí olùkọ́ ń fi ẹnu kọ́ akẹ́kọ̀ọ́, tó ní òfin ìgùn fáwẹ̀lì tí àmì abẹ́ lẹ́tà kò tilẹ̀ gbé. Ẹnìkan kò lè jókòó sí kọ̀rọ̀ kí ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ dá irú òfin bẹ́ẹ̀.

Ohun kan náà ni iṣẹ́ Khan fi hàn nípa apá kejì ọ̀rọ̀ náà, apá yìí ni kò tíì wọ inú kátálọ́ọ̀gù. Ìpè Tìbéríà jẹ́ ìpè àwọn díẹ̀ tó ní iyì. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ní Palẹsítínì àti Íjíbítì ń lo ìpè oní-fáwẹ̀lì márùn-ún nígbà kan náà. Nítorí iyì, wọ́n gba àmì Tìbéríà. Ṣùgbọ́n ẹnu wọn kò yí padà. Nígbà tí akọ̀wé bẹ́ẹ̀ bá jókòó láti fi àmì sí ewé kan, àmì méjì ló wà níwájú rẹ̀ fún ohùn kan. Kò ṣàṣìṣe nígbà tó mú èyí tàbí ìyẹn. Ó ń kọ ohun tó gbọ́.

Kò sí onímọ̀ ẹ̀ka-èdè Yorùbá tí yóò rí "sé" nínú lẹ́tà ará Ìbàdàn níbi tí àkọtọ́ ti ń retí "ṣé", tí yóò sì sọ pé ọkùnrin náà kò mọ̀wé kọ. Yóò sọ pé ó ti gbọ́ Ìbàdàn. Òye bẹ́ẹ̀ ni àwọn tó ń díyelé ewé Hébérù kò tíì ní tán. M. H. Goshen-Gottstein sún mọ́ ọn. Nínú iṣẹ́ rẹ̀ tó jáde ní 1962 lórí àwọn ìwé àfọwọ́kọ Bíbélì tó wà ní Amẹ́ríkà, èyí tí àkójọ Adler ní New York kó ipa pàtàkì nínú rẹ̀, ó pín ìwé sí mẹ́ta: ìwé àwọn onímọ̀ Másórà, ìwé ìkẹ́kọ̀ọ́, àti ìwé tí olùgbọ́ ń mú dání nígbà tí wọ́n bá ń kàwé ní sínágọ́gù. Ó dára tó láti bi ìwé pé iṣẹ́ kí ni ó wá ṣe láyé. Síbẹ̀, ìpín náà jẹ́ ìpín ìtọ́jú: èyí tí wọ́n ṣe dáadáa, èyí tí wọ́n ṣe ní ìwọ̀nba, èyí tí wọ́n kàn ṣe. Akọ̀wé tó kọ ìwé olùgbọ́ lè máà bìkítà, òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n àìbìkítà ní ibi tó ń gbà. Ó ń tẹ̀ lé etí. Ibi tí ọwọ́ bá ti dẹ̀ ni ẹnu ti ń yọjú.

Ìwé 916 tí Firkovich rí kọ́ni ní ohun kan náà láti ìhà kejì. Àmì Bábílónì ló wà lórí lẹ́tà rẹ̀, nítorí náà ni wọ́n ṣe kọ́kọ́ kà á sí ẹ̀rí ìpè Bábílónì. Nígbà tí wọ́n wò ó fínnífínní, wọ́n rí i pé ìpè Tìbéríà ni àmì náà ń gbé, ibi púpọ̀ ni ó ti tẹ̀ lé e ní ọ̀kan-ò-jọ̀kan. Aṣọ Bábílónì, ahọ́n Tìbéríà. Ewé àpótí Cambridge sì jẹ́ aṣọ Tìbéríà, ahọ́n Palẹsítínì. Ẹni tó bá fi aṣọ dá wọn mọ̀ yóò ṣìnà lẹ́ẹ̀mejì.

5.0 Lárúbáwá ní lẹ́tà Hébérù

Apá kejì tí àpótí náà fi wúlò fún onímọ̀ ẹ̀dá-èdè kò ní í gba àyè tó tó ti àkọ́kọ́, nítorí pé àwọn onímọ̀ ti ṣe dáadáa jù níbẹ̀. Lárúbáwá ni àwọn Júù Fustat ń sọ nílé àti lọ́jà, lẹ́tà Hébérù ni wọ́n sì fi ń kọ ọ́. Joshua Blau àti Simon Hopkins fi hàn ní àwọn ọdún 1980 pé kí ọ̀rúndún kẹwàá tó parí, ọ̀nà ìkọ̀wé kan wà tó tẹ̀ lé etí pátápátá: bí lámù inú ọ̀rọ̀ atọ́ka al- bá yọ́ mọ́ kọ́ńsónáǹtì tó tẹ̀ lé e, wọn kì í kọ ọ́. Lẹ́yìn ìgbà tí ìtumọ̀ Bíbélì tí Saadia Gaon ṣe sí Lárúbáwá tàn kálẹ̀, àṣà yí padà. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kọ lámù náà bí àwọn Mùsùlùmí onímọ̀ ti ń kọ ọ́, wọ́n ń fi ojú kọ ohun tí etí kò gbọ́. Àjákù tó kọ́kọ́ wá, tó dà bí ẹni pé aláìmọ̀wé ló kọ ọ́, ni ó sún mọ́ èdè ẹnu jù. Níbí yìí, kò sí ẹni tó pe Blau àti Hopkins lẹ́jọ́ pé wọ́n fi àṣìṣe ṣe ẹ̀rí. Orúkọ tí wọ́n fún un ni ìkọ̀wé elétí, orúkọ tó ń sọ ohun tí nǹkan jẹ́ dípò ohun tí kò jẹ́.

Àwọn tó ń ṣiṣẹ́ lórí Àjámì ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, yálà ti Haúsá, ti Fúlfúldé tàbí ti Yorùbá, yóò mọ irú ìṣòro yìí láti ìdàkejì. Tiwọn ni àmì Lárúbáwá mẹ́ta fún fáwẹ̀lì márùn-ún tàbí méje. Ti akọ̀wé Fustat ni àmì méje fún fáwẹ̀lì márùn-ún. Ibi tí àmì kò tó àti ibi tí àmì ti pọ̀ jù, ọ̀nà àbáyọ kan náà ni òǹkọ̀wé ń tọ̀, ọ̀nà yẹn ni ó sì yẹ kí ìwádìí máa tẹ̀ lé. Ìyàlẹ́nu ni pé àwọn ìwádìí méjèèjì kì í sábà tọ́ka sí ara wọn.

6.0 Kátálọ́ọ̀gù

Bí Yorùbá bá ń gún iyán nínú odó, tí wọ́n ń se ọbẹ̀ nínú èèpo ẹ̀pà, ẹni tí yóò yó yóò yó. Àjákù kò kéré fún ẹni tí ebi ẹ̀rí ń pa. Àwo tí wọ́n fi gbé e wá ló ṣe pàtàkì. Kátálọ́ọ̀gù ìwé Bíbélì Gẹnísà tó wà ní Cambridge, tí Malcolm Davis bẹ̀rẹ̀, tí ìdìpọ̀ rẹ̀ àkọ́kọ́ jáde ní 1978, jẹ́ iṣẹ́ sùúrù. Láìsí i, kò sí ẹni tó lè mọ ibi tí ewé kan wà. Ó ń sọ ẹsẹ̀ Bíbélì tó wà lára ewé, ohun tí wọ́n fi ṣe ewé náà, bí ó ti tóbi tó, àti irú àmì tó wà lórí rẹ̀. Ohun tí kò lè sọ ni ohùn tí àmì náà dúró fún, nítorí ẹni tó ń ṣe é kò ní àyè ju ọ̀rọ̀ kan lọ fún un. Bí ó bá kọ "Tìbéríà", òótọ́ ló kọ nípa àmì; nípa ìpè, ó lè jẹ́ irọ́.

Ìjìnlẹ̀ ọ̀rọ̀ náà kò sí nínú àròjinlẹ̀. Ó yẹ kí àyè méjì wà níbi tí àyè kan wà: ọ̀kan fún àmì, ọ̀kan fún ohùn. Nínú èkejì, kí wọ́n kọ iye ìgbà tí tsere àti segol ṣe pàṣípààrọ̀ nínú ewé náà, àti iye ìgbà tí qamets àti patah ṣe bẹ́ẹ̀, láìfi orúkọ kankan sí i. Nígbà tí ìwé wà lórí bébà nìkan, ó ṣòro. Láti ìgbà tí ilé-ìkàwé Cambridge ti ń gbé àwòrán ewé Taylor-Schechter sórí íntánẹ́ẹ̀tì, tí iṣẹ́ Friedberg sì ti kó àwòrán àjákù láti ilé-ìkàwé káàkiri ayé jọ, tó fi jẹ́ pé ewé tó wà ní New York àti ti Cambridge ti ń pàdé lójú kọ̀ǹpútà, ìṣòro náà kì í ṣe ti ohun èlò mọ́. Ti ohun tí wọ́n kà sí ẹ̀rí ni. Àwọn ìwé ìjìnlẹ̀ lórí ewé kọ̀ọ̀kan tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń ṣe ní yunifásítì ti ń ka irú pàṣípààrọ̀ bẹ́ẹ̀. Kátálọ́ọ̀gù ni kò tíì tẹ̀ lé wọn.

Nínú ìwé ọmọdé tó wà nínú Gẹnísà, bíi T-S K5.13 ní Cambridge, ìwé ìkọ́ lẹ́tà ni wọ́n rí. Irú ìwé bẹ́ẹ̀ a máa mú kọ́ńsónáǹtì kan, a sì fi àmì fáwẹ̀lì kọ̀ọ̀kan sí i, ọ̀kan lẹ́yìn èkejì, kí ọmọ lè máa kà á sókè tẹ̀lé olùkọ́. Ọmọ tó bá jẹ́ pé ìpè Palẹsítínì ni ó gbọ́ nílé yóò ka bẹ́tì pẹ̀lú qamets, yóò ní "ba". Olùkọ́ yóò gbé ọwọ́ lọ sí orí èyí tó tẹ̀ lé e, bẹ́tì pẹ̀lú patah. Ọmọ náà yóò tún ní "ba".